Bellini: Ọtí Tí Owó Yíyá Bí

Nínú ìwé wa ti oṣù yìí, ọ̀rọ̀ ọtí la fẹ́ bá yín sọ. Ẹ má wulẹ̀ fajú ro. A mọ̀ pé àwọn kan nínú wa kì í fẹnu kan ọtí, yálà nítorí ẹ̀sìn ni o, tàbí nítorí àìlera. Tiwọn náà wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ṣebí ẹni tí kì í mu ún pàápàá máa ń sanwó rẹ̀ nígbà tí ọmọ rẹ̀ bá ń ṣe ìyàwó.

Ọtí tí à ń wí yìí, Bellini lorúkọ rẹ̀. Ọtí àdàlù ni, irú èyí tí àwọn òyìnbó ń pè ní kọ́tẹ́ẹ̀lì. Èso kan tó ń jẹ́ píìṣì ni wọ́n máa ń tẹ̀ títí yóò fi di omi tó ki, tí wọ́n á wá da wáìnì tó ń hó lé e. Ohun méjì péré ni, kò sí ẹ̀kẹta. Ìlú Fẹ́nísì ní ilẹ̀ Ítálì ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe é, ibẹ̀ ló sì ti tàn kárí ayé.

Kí ló wá kàn wá níbẹ̀? Ó kàn wá púpọ̀. Bí ẹ bá tú ìdí ọtí yìí wò, ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ni ẹ óò bá níbẹ̀: owó yíyá, owó sísan, àti àwọn àgbẹ̀ tó para pọ̀ kí oníṣòwò má baà máa rẹ́ wọn jẹ. Ẹ fara balẹ̀ ká jọ gbé e yẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà la óò kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe é.

AGBỌ́TÍ TÓ YÁ ONÍBÀÁRÀ RẸ̀ LÓWÓ

Ní ìparí àwọn ọdún 1920, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Giuseppe Cipriani ń ṣe iṣẹ́ agbọ́tí ní òtẹ́ẹ̀lì kan ní Fẹ́nísì tí wọ́n ń pè ní Europa. Ọdún 1900 ni wọ́n bí i, nílùú Verona. Kì í ṣe ọmọ olówó. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ló ń jẹ.

Lára àwọn oníbàárà rẹ̀ ni ọ̀dọ́mọkùnrin ará Amẹ́ríkà kan, Harry Pickering, ọmọ ìlú Boston. Ọmọkùnrin yìí kì í jìnnà síbi tí ọtí bá wà. Ṣàdédé ni wọn ò rí i níbi ọtí mọ́. Bí àwọn ará ilé Cipriani ti máa ń ròyìn rẹ̀, agbọ́tí bi í léèrè pé kí ló dé, òun náà sì jẹ́wọ́ pé owó ti tán lọ́wọ́ òun pátápátá, kò sì sí ìrètí pé òmíràn ń bọ̀ láti ilé.

Cipriani rò ó síwá, ó rò ó sẹ́yìn. Ó wá ki ọwọ́ bọ owó tí òun fúnra rẹ̀ ti tọ́jú, ó yá ọmọkùnrin náà ní 10,000 lírà. Owó kékeré kọ́ nígbà náà lọ́hùn-ún, pàápàá fún agbọ́tí. Kò gba ìwé, kò gba onídùúró, kò gba ohun ìdógò kankan.

Harry bá tirẹ̀ lọ. Oṣù ń gorí oṣù, agbọ́tí ò gbúròó rẹ̀. Ẹ̀yin náà ẹ mọ bí ọkàn ayánilówó ṣe máa ń rí nírú àkókò bẹ́ẹ̀. Oorun kì í fi bẹ́ẹ̀ dùn. Àwọn ará ibi iṣẹ́ rẹ̀ á ti máa wò ó bí ẹni tí wọ́n lù ní jìbìtì.

Ọjọ́ kan ṣá ni Harry wọlé dé. Ó ka 10,000 lírà náà sórí tábìlì, kò dín kọ́bọ̀. Lẹ́yìn náà ló tún ka owó mìíràn tó ju ìlọ́po méjì rẹ̀ lọ lé e. Ó ní kí Cipriani fi owó náà ṣí ilé ọtí tirẹ̀, kí àwọn sì fi orúkọ òun Harry pè é.

Báyìí ni Harry's Bar ṣe di ṣíṣí ní Fẹ́nísì, ní oṣù karùn-ún ọdún 1931. Yàrá kékeré kan tí wọ́n ń kó okùn pamọ́ sí tẹ́lẹ̀ ni wọ́n tún ṣe. Inú àdúgbò tí ọ̀nà ibẹ̀ ò là já ni. Ẹlòmíì á ní ibi tí èrò ò ti ń kọjá kò dára fún ọjà. Èrò ti Cipriani yàtọ̀. Ó ní ẹni tó bá dé ọ̀dọ̀ òun á jẹ́ ẹni tó dìídì wá òun wá. Orí sì bá a ṣe é. Àwọn ọba, àwọn òṣèré, àwọn òǹkọ̀wé ń wá síbẹ̀. Ernest Hemingway, òǹkọ̀wé ará Amẹ́ríkà tó gba ẹ̀bùn Nobel ní 1954, fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ ibẹ̀ di ilé rẹ̀ nígbà òtútù 1949 sí 1950. Ní 2001, ìjọba Ítálì kéde ilé ọtí náà pé ó wà lára ohun ìrántí tí orílẹ̀-èdè gbọ́dọ̀ máa tọ́jú. Cipriani ti kú ní 1980, ṣùgbọ́n orúkọ rẹ̀ ò parẹ́.

Àwọn àgbà wa bọ̀, wọ́n ní ẹni tó yá ẹgbẹ̀fà tí kò san án, ó bẹ́gi dínà ẹgbẹ̀fà. Pickering ò bẹ́gi dínà. Ńṣe ló la ọ̀nà fún ara rẹ̀ àti fún ẹni tó yá a lówó. A ò wá sọ pé kí ẹ lọ máa yá gbogbo ọ̀mùtí àdúgbò lówó láìgba onídùúró o! Ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ kó má wá sọ pé ìwé ẹgbẹ́ ló ní kí òun ṣe é. Ohun tí à ń sọ ni pé ọjọ́ tí a san gbèsè ni orúkọ wa ń di ọjà tó ṣeé tà.

BÍ ỌTÍ NÁÀ ṢE GBORÚKỌ

Píìṣì, fún ẹni tí kò bá tíì rí i rí, fẹ́rẹ̀ẹ́ tó àgbálùmọ̀ ní títóbi. Irun wẹ́wẹ́ wà lára awọ rẹ̀, ó rọ̀ bí irun ọmọ tuntun. Kóró kan ṣoṣo tó le bí òkúta ló wà láàárín rẹ̀. Ẹran ara àwọn kan pọ́n bí ìbẹ́pẹ, ti àwọn mìíràn sì funfun. Èyí tó funfun yìí ló ń ta sánsán jù, ó sì máa ń ní àwọ̀ pupa fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ nítòsí kóró rẹ̀. Òun ni Cipriani fẹ́ràn.

Ní Ítálì, ó ti pẹ́ tí àwọn èèyàn ti ń gé píìṣì sínú wáìnì jẹ. Cipriani wò ó pé ohun tí ará oko ń jẹ yìí, òun lè sọ ọ́ di ohun tí èèyàn pàtàkì yóò máa mu. Ó tẹ èso náà, ó sẹ́ ẹ, ó da wáìnì tó ń hó tí wọ́n ń ṣe lẹ́bàá Fẹ́nísì lé e. Àwọ̀ tó yọ síta dà bí àwọ̀ òdòdó. Àwọ̀ yìí rán an létí aṣọ kan lára ẹni mímọ́ kan nínú àwòrán tí Giovanni Bellini yà. Ayàwòrán ará Fẹ́nísì ni Bellini, ó kú ní 1516. Ní 1949 sì ni wọ́n ṣe àfihàn ńlá àwọn àwòrán rẹ̀ ní ìlú náà. Nǹkan bí 1948 ni Cipriani sọ ọtí rẹ̀ ní Bellini.

Ó jọ pé ó fẹ́ràn kó máa fi orúkọ ayàwòrán pe nǹkan. Ní 1950 ló gé ẹran màlúù tútù pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ fún obìnrin ọlọ́lá kan tí dókítà ní kò gbọ́dọ̀ jẹ ẹran tí wọ́n sè, ó sì pe ìyẹn ní Carpaccio, orúkọ ayàwòrán Fẹ́nísì mìíràn.

Níbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, ìgbà ẹ̀rùn tiwọn nìkan, nígbà tí píìṣì funfun bá wà lórí igi, ni Bellini máa ń wà. Bí àsìkò èso bá ti kọjá, ó di ẹ̀ẹ̀mí-ìn. Ẹ ò rí i pé bí àgbálùmọ̀ ni? Ohun tó bá lásìkò, inú ẹni máa ń dùn sí i nígbà tó bá dé.

KÍ LÓ Ń JẸ́ KÍ WÁÌNÌ MÁA HÓ?

Ẹni tó bá ti mu ẹmu rí ti mọ ìdajì ìdáhùn. Ẹmu tí adẹ́mu ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé sọ̀kalẹ̀ láti orí ọ̀pẹ, ńṣe ló máa ń hó yaya tí ìfófó á bo ẹnu akèrègbè. Ohun kan tí a ò lè fojú lásán rí, tí wọ́n ń pè ní yíìsì, ló wà nínú rẹ̀. Yíìsì ń jẹ ṣúgà inú ẹmu. Bó ti ń jẹ ẹ́ ló ń sọ ọ́ di ọtí, tí ó sì ń tú afẹ́fẹ́ sílẹ̀. Afẹ́fẹ́ yìí ló ń hó. Ìdí nìyí tí ẹlẹ́mu ò fi ń dé ìgò ẹmu pinpin. Bó bá dé e, ìgò lè bẹ́.

Bẹ́ẹ̀ náà ni omi èso àjàrà ṣe ń di wáìnì. Bí afẹ́fẹ́ bá ráyè jáde, wáìnì lásán la óò ní. Àwọn tó fẹ́ kó máa hó á tún fi ṣúgà àti yíìsì díẹ̀ sí wáìnì náà, wọ́n á wá dé e pa kí afẹ́fẹ́ má ríbi gbà. Afẹ́fẹ́ á wọnú wáìnì lọ sápamọ́. Ọjọ́ tí a bá ṣí ìgò ló máa jáde.

Ọ̀nà méjì pàtàkì ni wọ́n ń gbà dé e pa. Ní àgbègbè Champagne ní ilẹ̀ Faransé, inú ìgò kọ̀ọ̀kan ni iṣẹ́ kejì yìí ti ń wáyé, òfin wọn sì sọ pé ìgò náà gbọ́dọ̀ lo oṣù 15 ó kéré tán kó tó délé ọjà. Iṣẹ́ pọ̀ níbẹ̀, ìdúró pọ̀, owó náà sì pọ̀. Ọ̀nà kejì ni kí wọ́n ṣe é nínú àgbá irin ńlá kan ṣoṣo, kí wọ́n tó wá dà á sínú ìgò. Federico Martinotti, ọmọ Ítálì, ló gbé ọgbọ́n yìí kalẹ̀ ní 1895. Eugène Charmat tún un ṣe ní Faransé ní 1907. Èyí ò gbà ju ọ̀sẹ̀ mélòó kan sí oṣù díẹ̀ lọ, owó rẹ̀ sì máa ń fúyẹ́.

Prosecco, wáìnì tí Cipriani ń dà sí Bellini, ọ̀nà àgbá ni wọ́n fi ń ṣe ọ̀pọ̀ jù lọ nínú rẹ̀. Kì í ṣe ayédèrú ṣáńpéènì o! Ohun ọ̀tọ̀ ni, ó ní ilẹ̀ tirẹ̀, ó ní èso àjàrà tirẹ̀, òórùn èso sì máa ń wà lára rẹ̀ dáadáa. Ìdí nìyí tó fi bá píìṣì mu. Ṣáńpéènì tó wọ́n gógó, bí ẹ bá dà á sí píìṣì, adùn rẹ̀ tó le á bo ti èso mọ́lẹ̀. Ẹ ti náwó sórí ohun tó tún ba nǹkan jẹ́.

ÀWỌN ÀGBẸ̀ TÓ PARA PỌ̀

Ibí yìí gan-an lọ̀rọ̀ ti wá kan àwa. Orí òkè kéékèèké kan ní àríwá Fẹ́nísì, láàárín Conegliano àti Valdobbiadene, ni àjàrà Prosecco tó dára jù ti ń jáde. Òkè náà dagun, ẹ̀rọ ò lè ṣiṣẹ́ níbi púpọ̀ níbẹ̀. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń gé àjàrà. Ilẹ̀ tí àgbẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní ò sì tóbi.

Ẹ wá wo ìṣòro wọn. Àgbẹ̀ kòkó tiwa lè sá kòkó rẹ̀ kó gbẹ, kó sì fi pamọ́ fún ìgbà díẹ̀ bí owó tí wọ́n dá lé e kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn. Alájàrà ò ní irú ààyè bẹ́ẹ̀. Àjàrà tí wọ́n gé láàárọ̀, wọ́n gbọ́dọ̀ tètè fún un ni, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́. Oníṣòwò tó ní ibi ìfúntí mọ̀ bẹ́ẹ̀. Tí àgbẹ̀ kan ṣoṣo bá kó àjàrà rẹ̀ dé iwájú irú ẹni bẹ́ẹ̀, ta ni yóò dá iye lé e? Ẹ ti mọ ìdáhùn.

Àjèjé ọwọ́ kan ò gbẹ́rù dórí. Ní 1952, àwọn alájàrà 129 ní Valdobbiadene para pọ̀, wọ́n dá ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù sílẹ̀ láti máa fún àjàrà ara wọn, kí wọ́n máa ṣe wáìnì fúnra wọn, kí wọ́n sì máa tà á. Owó tí ẹnì kan ò lè dá ní láti ra àgbá àti ẹ̀rọ, gbogbo wọn jọ ní in. Ẹgbẹ́ náà wà títí dòní, ó sì ti gbòòrò gan-an. Àwọn ẹgbẹ́ bíi tiwọn pọ̀ ní agbègbè náà.

Ọ̀rọ̀ yìí ò jìnnà sí ìtàn tiwa. Nígbà tí ìjọba ṣe òfin ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ní Nàìjíríà ní 1935, àwọn àgbẹ̀ kòkó ilẹ̀ Yorùbá wà lára àwọn tó kọ́kọ́ janfààní rẹ̀. Wọ́n kó kòkó wọn pọ̀, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò kó lè dára, wọ́n sì tà á pa pọ̀ kí alágbàtà má baà dá iye tó wù ú lé e. Ọgbọ́n kan náà ni. Ilẹ̀ ló yàtọ̀.

Àwọn alájàrà náà ò sì fi orúkọ ọjà wọn ṣeré. Ní 1969 ni òfin Ítálì ti kọ́kọ́ dáàbò bo wáìnì orí òkè wọn. Nígbà tó yá, Prosecco ta débi pé ẹnikẹ́ni níbi gbogbo lè gbin àjàrà kan náà kó sì fi orúkọ náà tajà. Ńṣe ló dà bí ìgbà tí wọ́n bá ń pe gbogbo ìrẹsì pupa ní ìrẹsì Ọ̀fadà, tí ará Ọ̀fadà gan-an ò sì rí nǹkan kan jẹ níbẹ̀. Ní 2009, Ítálì tún òfin náà ṣe. Wọ́n ní kí wọ́n máa pe àjàrà fúnra rẹ̀ ní Glera, kí Prosecco sì di orúkọ ilẹ̀ tí wọ́n ti ń ṣe é. Ní 2019, àjọ UNESCO fi àwọn òkè Conegliano àti Valdobbiadene sára ogún àgbáyé. Iṣẹ́ ọwọ́ àwọn àgbẹ̀ kéékèèké ló sọ òkè di ogún bẹ́ẹ̀.

BÍ WỌ́N ṢE Ń ṢE BELLINI

Ìwọ̀n tí àwọn ará Harry's Bar ń lò ni píìṣì ìdá kan sí wáìnì ìdá mẹ́ta. Ẹgbẹ́ àwọn agbọ́tí àgbáyé ní tiwọn fọwọ́ sí ìdá kan sí ìdá méjì. Ti Cipriani la óò tẹ̀ lé níhìn-ín.

Fún ife kéékèèké mẹ́jọ, ẹ wá ìgò Prosecco kan, èyí tó gba mìlílítà 750, àti píìṣì mẹ́ta tó pọ́n dáadáa. Ẹ óò nílò ọsàn wẹ́wẹ́ ẹyọ kan náà.

1. Ẹ fi ìgò wáìnì, píìṣì àti ife sínú fíríìjì títí wọ́n á fi tutù rinrin. Bí wáìnì bá lọ́ wọ́ọ́rọ́, gbogbo rẹ̀ ni yóò hó dànù.

2. Ẹ bó píìṣì, ẹ yọ kóró rẹ̀, kí ẹ tẹ ẹran ara rẹ̀ gba inú asẹ́ tí ojú rẹ̀ kéré. Ọ̀pọ̀ á fẹ́ jù ú sínú bíléńdà kíá. Kò burú bí ẹ ò bá rọ́gbọ́n dá, ṣùgbọ́n bíléńdà máa ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i, á wá di ìfófó. Asẹ́ ló dára jù.

3. Ẹ fún ọsàn wẹ́wẹ́ díẹ̀ sí i, bí ẹ̀kán mélòó kan, kó má baà dúdú. Píìṣì funfun kì í pẹ́ dúdú bí atẹ́gùn bá fẹ́ sí i, bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí a bó sílẹ̀ ló rí. Bí èso náà ò bá dùn tó, ẹ lè fi ṣúgà díẹ̀ sí i.

4. Ẹ da mìlílítà 30 omi píìṣì náà sínú ife kọ̀ọ̀kan. Ìyẹn jẹ́ ṣíbí ìjẹun méjì.

5. Ẹ wá rọra da mìlílítà 90 Prosecco lé e. Ẹ dà á díẹ̀, ẹ dúró kí ìfófó wálẹ̀, kí ẹ tún dà á.

6. Ẹ fi ṣíbí gígùn rò ó lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì wẹ́rẹ́. Ẹ má ṣe mì ín o! Ẹ gbé e fún èèyàn lójú ẹsẹ̀.

Ẹ ò nílò ife ẹlẹ́sẹ̀ gígùn. Ní Harry's Bar, gíláàsì kékeré lásán tí ò lẹ́sẹ̀ ni wọ́n ń bù ú sí.

Ọ̀rọ̀ ìkìlọ̀ kan nípa ìgò ṣíṣí. Agbára afẹ́fẹ́ inú ìgò wáìnì tó ń hó ju ti inú táyà mọ́tò lọ. Nínú ṣáńpéènì, ó lè tó ìlọ́po mẹ́ta rẹ̀. Kọ́ọ̀kì tó fò ti fọ́ ojú àwọn èèyàn rí. Nítorí náà, kí ìgò náà kọ́kọ́ tutù. Ẹ fi aṣọ bo kọ́ọ̀kì, kí ẹ di í mú ṣinṣin bí ẹ ti ń tú wáyà rẹ̀. Ẹ dẹ ìgò sí ẹ̀gbẹ́ kan, kí ẹnu rẹ̀ má kọjú sí ẹnikẹ́ni. Ìgò ni kí ẹ máa yí, ẹ má yí kọ́ọ̀kì. Ó yẹ kó jáde pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́ bí ẹni mí kanlẹ̀. Àwọn tó ń mi ìgò jìgìjìgì níbi ayẹyẹ kó lè dún gbòlà, owó ni wọ́n ń dà sílẹ̀.

BÍ PÍÌṢÌ Ò BÁ SÍ, TÀBÍ BÍ A Ò BÁ MU ỌTÍ

Píìṣì tútù wọ́n lọ́dọ̀ wa. Ti inú agolo wà ní àwọn ilé ìtajà ńlá, aláwọ̀ pípọ́n sì ni púpọ̀ nínú rẹ̀. Ẹ sẹ́ omi ṣúgà rẹ̀ kúrò kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́. Kò ní rí bíi ti Fẹ́nísì gẹ́lẹ́, ṣùgbọ́n yóò ṣeé mu.

Ẹni tó bá fẹ́ fi máńgòrò ṣe é kó fi ṣe é. Ó máa ń dùn bí máńgòrò bá pọ́n dénú. Kó má kàn pè é ní Bellini ni. Kódà nílẹ̀ Ítálì, bí wọ́n bá fi èso mìíràn rọ́pò píìṣì, orúkọ mìíràn ni wọ́n ń fún un: èyí tí wọ́n fi sitirọ́bẹ́rì ṣe, Rossini ni wọ́n ń pè é. Máńgòrò tiwa náà tó ẹni tó ń gba orúkọ tirẹ̀. A fi ìyẹn sílẹ̀ fún àwọn ìyá wa nínú ẹgbẹ́ láti sọ ọ́.

Àwọn tí kì í mu ọtí, ẹ da omi sódà tó tutù lé omi èso náà ní ìwọ̀n kan náà, kí ẹ fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i. Yóò hó, yóò sì pọ́n nínú ife bíi ti àwọn yòókù. Irú rẹ̀ ni kí ẹ gbé fún awakọ̀, aboyún àti ọmọdé. Níbi tí gbogbo ènìyàn bá ti gbé ife sókè láti kí ọkọ àti ìyàwó, kò yẹ kí ẹnì kan jókòó láìní nǹkan lọ́wọ́.

Ẹ JẸ́ KÁ ṢÍRÒ Ó

Ká ní ẹ pe 100 ènìyàn síbi ìgbéyàwó, tí ẹ sì fẹ́ kí kálukú gba ife kan fún ìkíni. Bó bá jẹ́ ṣáńpéènì gidi ni ẹ ń bù ní mìlílítà 120, ìgò kan á kún ife mẹ́fà. Ìgò 17 lẹ óò rà. Bó bá jẹ́ Bellini ní ìwọ̀n ife kan náà, ìgò Prosecco kan á kún ife mẹ́jọ. Ìgò 13 ti tó, pẹ̀lú lítà mẹ́ta omi píìṣì. Ìgò mẹ́rin ti dín, owó orí ìgò kọ̀ọ̀kan náà sì ti dín. Kò sí àlejò tí yóò sọ pé wọn ò ṣe òun lálejò.

Kí ló dé tí a fi ń ṣírò yìí? Ẹ̀yin náà ẹ mọ̀ ọ́n. Kò sí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan tí ò mọ ẹni tó yá owó fún ìnáwó ọjọ́ kan tó wá ń fi oṣù 18 san án. Orúkọ tó wà lára ìgò ni wọ́n rà, kì í ṣe ohun tó wà nínú rẹ̀. Ìgò ti di àkísà ìgò, alága ìjókòó ti lọ sílé rẹ̀, àmọ́ gbèsè ṣì wà nílé, onídùúró ò sì lè yá tirẹ̀ nítorí pé ó fọwọ́ sí ìwé fún ẹlòmíì. Bí ẹnì kan ò bá san, owó tí ẹlòmíràn ì bá fi ra ẹ̀rọ ìránṣọ tàbí san owó ilé ìwé ọmọ ló há síbẹ̀. Gbogbo wa ló ń dùn.

Ṣe bó o ti mọ, ẹlẹ́wà Ṣàpọ́n. A ò ní kí ẹ má ṣe fàájì. Ìgbéyàwó ọmọ ẹni ò ṣe é fi ṣàwàdà, ayọ̀ sì yẹ wá. Ṣùgbọ́n owó tó wà lọ́wọ́ ni kí a fi ra ohun tí a óò mu tán lálẹ́ ọjọ́ kan. Kí a fi owó tí a bá yá sórí ohun tí yóò bí owó mìíràn, kí ó lè san ara rẹ̀. 10,000 lírà tí Cipriani yáni padà wá sílé, ó sì kó ilé ọtí kan dání bọ̀. Àwọn alájàrà 129 kó owó wọn jọ sórí àgbá àti ẹ̀rọ, àwọn ọmọ wọn ṣì ń jẹ nínú rẹ̀.

Nítorí náà, bí ẹ bá ń bọ̀ wá gba fọ́ọ̀mù owó yíyá lóṣù yìí, ẹ kọ́kọ́ wo ibi tí wọ́n kọ ìdí tí ẹ fi ń yáwó sí. Bó bá jẹ́ pé ọtí ni, ẹ padà sílé, ẹ lọ tẹ píìṣì yín. Bó bá jẹ́ iṣẹ́ ni, ẹ máa bọ̀. Ọ̀nà yín là.

Àjẹṣẹ́kù wa kò ní tán.